Ọ̀sẹ̀ Kan ní Caracas

Ẹ tẹ "Nigeria basketball 2012" sórí Google, kí ẹ wo ohun tó máa yọ. Ó dá mi lójú pé 156 sí 73 kò ní jìnnà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Amẹ́ríkà na D'Tigers, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin wa, ní ìnà tí ayé ò gbàgbé. Carmelo Anthony nìkan ju póìntì 37 wọlé láàárín ìṣẹ́jú 14. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sí ikọ̀ tó ju tó 156 rí nínú eré kan ṣoṣo ní Òlíńpíìkì.

Mi ò ní jiyàn lórí 156. Wọ́n nà wá, ó tán síbẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, báwo la ṣe dé ibẹ̀ gan-an? Torí ikọ̀ 12 péré, ní gbogbo àgbáyé, ni wọ́n ń gbà wọlé fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin ní Òlíńpíìkì, Nàìjíríà ò sì tíì dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò tíì ju oṣù kan lọ ṣáájú ìnà Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ọmọkùnrin yìí kan náà ṣe ohun kan ní ìlú Caracas, lórílẹ̀-èdè Venezuela, tí ikọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn ò tíì rí ṣe títí wọ́n fi gbá Òlíńpíìkì Paris 2024 tán. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Madagascar ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gbá AfroBasket ní Antananarivo. Ikọ̀ tó bá gba ife yóò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tààrà. Gbogbo ènìyàn rò pé Àńgólà ni, torí láti 1999 títí dé 2009, kò sí ẹlòmíì tó gba ife yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra. Ṣùgbọ́n Tùnísíà lù wọ́n nínú àṣekágbá. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta. Kí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe ipò kẹta? Bàbà, àti àǹfààní kan sí i: kí òun àti Àńgólà lọ forí wọn sọ ògiri níbi ìdíje ìpegedé tí gbogbo àgbáyé jọ ń ṣe, fún àwọn tí kò rí ọ̀nà tààrà wọlé.

Mo pè é ní ògiri torí ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ikọ̀ 12, tíkẹ́ẹ̀tì 3. Gíríìsì wà níbẹ̀, àwọn tó lu Amẹ́ríkà 101 sí 95 níbi ìdíje àgbáyé ọdún 2006 ní Japan. Rọ́ṣíà tó gba bàbà ilẹ̀ Yúróòpù ní 2011 wà níbẹ̀. Lithuania náà wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ò pọ̀ tó ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n fi ń jẹun, ni wọ́n fi ń sùn; bàbà àgbáyé ọdún 2010 ṣì wà lọ́rùn wọn. Macedonia, Puerto Rico, Dominican Republic, Jọ́dánì, Gúúsù Kòríà, New Zealand, Àńgólà, Venezuela tó gbàlejò, àti àwa. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò lásán, yóò pín tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn ará Yúróòpù, á sì lọ sùn.

Àwọn wo ló wọ aṣọ àwọ̀ ewé ní ọdún yẹn? Ọlúmìdé Oyèdèjì ni balógun wọn, ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn, tó gbá bọ́ọ̀lù ní NBA fún Seattle àti Orlando kó tó máa káàkiri ayé. Ejike Ugboaja náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí àwọn òbí wọn kúrò nílé lọ sí Amẹ́ríkà: Ike Diogu, Al-Farouq Aminu àti Aládé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Chamberlain Oguchi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Champ, Koko Archibong, Adé Dagunduro. Tony Skinn náà wà níbẹ̀, ó ti wà lára ikọ̀ yunifásítì George Mason tó ya Amẹ́ríkà lẹ́nu ní 2006.

Àwọn kan máa ń bínú sí irú ikọ̀ báyìí. "Ṣé kò sí ọmọ ilé ni?" Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Hakeem Ọlájùwọ́n. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, Èkó ló ti kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù yìí, ó lọ sí Houston ní 1980, ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993. Ní Òlíńpíìkì Atlanta 1996, ó gba góòlù, nínú aṣọ Amẹ́ríkà. Níbi Òlíńpíìkì kan náà ni Kanu àti Okocha ti gba góòlù bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún Nàìjíríà. Èmi ò dá Ọlájùwọ́n lẹ́bi o. Lọ́dún yẹn, Nàìjíríà ò ní ikọ̀ alájùsáwọ̀n kankan ní Atlanta tí ì bá gbá fún. Ohun tí mo ń wò ni pé láàárín ọdún 16, ọ̀nà náà yí padà: àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló wá wọ aṣọ wa kí orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí Ọlájùwọ́n sí lè wọ Òlíńpíìkì.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì jẹ́ ọmọ ilé. Ayọ̀délé Bákàrè ni. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí àjèjì ni wọ́n ń gbé wá fún wa ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn rẹ̀, Will Voigt, lẹ́yìn náà Mike Brown.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù keje. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni, ikọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, méjì ní ń kọjá nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Àwa, Lithuania àti Venezuela la jọ wà pọ̀.

A lu Lithuania, 86 sí 80.

Mo fẹ́ kí ẹ tún un kà. Kì í ṣe eré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Lithuania ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bí àwa náà ṣe ń wá a. (Àwọn oníròyìn máa ń pe irú eré yìí ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ń fi wọn ẹsẹ̀ ta?) Ṣùgbọ́n a tún lọ fìdí rẹmi lọ́wọ́ Venezuela níwájú àwọn èrò wọn. Lithuania ní tirẹ̀ lu Venezuela. Ó wá di pé ikọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta borí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ta ló máa lọ sílé?

Ibí yìí ni iṣẹ́ mi ti ràn mí lọ́wọ́ láti gbádùn ìtàn yìí. Ẹni tó ń kọ kọ́ọ̀dù mọ̀ pé tí o bá fẹ́ to nǹkan tẹ̀léra wọn, tí méjì bá dọ́gba, o gbọ́dọ̀ ti sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tó máa wò tẹ̀lé e. Ohun tí òfin ní kí wọ́n wò tẹ̀lé e nìyí: póìntì mélòó lo jù wọlé, mélòó ni wọ́n jù sí ọ. Ìyẹn ni pé nínú eré tí o ti pàdánù pàápàá, tí ó ku ìṣẹ́jú méjì, tí àwọn èrò Venezuela ti ń jó, bọ́ọ̀lù kan tí o jù wọlé ṣì wúlò. Ìyà tí Venezuela jẹ lọ́wọ́ Lithuania ló dá wọn dúró. Lithuania ṣe ipò kìíní, Nàìjíríà ìkejì, onílé sì jókòó wo àlejò nílé ara rẹ̀.

Ikọ̀ mẹ́jọ ló kù. Gíríìsì ló kàn wá. Nàìjíríà 80, Gíríìsì 79. Póìntì kan! Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, póìntì kan ni èyí tó kéré jù, ìjùsáwọ̀n ọ̀fẹ́ kan péré ni. Òun ló wà láàárín Gíríìsì àti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó lu Amẹ́ríkà ní 2006 padà sílé, wọ́n wo Òlíńpíìkì lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni Rọ́ṣíà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Wọ́n lù wá, 85 sí 77. Póìntì mẹ́jọ. Rọ́ṣíà yìí ló padà gba bàbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì tó borí ní ìpele yẹn, Rọ́ṣíà àti Lithuania, ti rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà, wọn ò tiẹ̀ gbá àṣekágbá kankan mọ́. Ó ku tíkẹ́ẹ̀tì kan. Àwa àti Dominican Republic ló kù.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje. John Calipari ló jókòó síbi ti akọ́nimọ̀ọ́gbá Dominican Republic. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn péré ni ọkùnrin yìí fi yunifásítì Kentucky gba ife ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní ìdojúkọ rẹ̀, Bákàrè, tó jẹ́ pé líìgì Nàìjíríà níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. 88 sí 73, Nàìjíríà ló borí. Kò tiẹ̀ sún mọ́ra.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ọ̀sẹ̀ yẹn? Mo ní ìdí kan lọ́kàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 2012, aago Venezuela fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ wà lẹ́yìn ti Greenwich. Chávez ló yí i bẹ́ẹ̀ ní 2007, wọ́n dá a padà ní 2016. Ẹni tó bá ń kọ kọ́ọ̀dù fún ayé mọ bí ààbọ̀ wákàtí yẹn ṣe máa ń da ètò rú. Eré tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní Caracas, aago kan ààbọ̀ òru ni l'Ékòó. Ti Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ, aago kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó ń lò. Ojú wa ni wọ́n ṣe nà wá. Èyí tí a ṣe dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí a ń sùn.

Nípa Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. A lu Tùnísíà, akọni ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, 60 sí 56. Lithuania gbẹ̀san, 72 sí 53. Ẹ ti mọ ti Amẹ́ríkà. Argentina lù wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn 156 yẹn, Faransé tó ní Tony Parker fi póìntì mẹ́fà péré borí wa, 79 sí 73. Ẹni tí wọ́n nà bẹ́ẹ̀ tí kò túká, ó yẹ ká wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní 2015, D'Tigers lu Àńgólà 74 sí 65, wọ́n gba AfroBasket, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Rio. Ní oṣù keje 2021, ní Las Vegas, wọ́n lu Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, 90 sí 87, nínú eré ìmúrasílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ Áfíríkà kankan ṣe é. Gabe Nnamdi ju 21. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé jíjù láti òkèèrè, èyí tí wọ́n ń ka póìntì mẹ́ta fún, ni a fi ṣe é: 20 ló wọlé. Ohun kan náà ni Amẹ́ríkà fi nà wá ní 2012, nígbà tí wọ́n ju 29 wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba tún ṣe tiwọn. Ní oṣù karùn-ún 2022, torí ìjà àwọn tó ń du ipò àjọ tó ń darí eré náà, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ò ní gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lágbàáyé fún ọdún méjì. Oṣù kejì ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ti pẹ́ jù: FIBA ti fi Mali rọ́pò D'Tigress, àwọn obìnrin wa, níbi ìdíje àgbáyé. Àwọn obìnrin yìí kan náà ló lọ sí ìdíje ìpegedé ní Antwerp ní 2024, wọ́n lu Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n dé Paris, wọ́n lu Ọsirélíà àti Kánádà, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ ní Òlíńpíìkì. Ìtàn tiwọn tó àpilẹ̀kọ tirẹ̀, mi ò fẹ́ fi ìlà méjì bà á jẹ́.

Ti àwọn ọkùnrin ni mo fẹ́ fi tán an. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà ní Caracas ti kéré sí i. Ní 2012, ikọ̀ 12 ló du tíkẹ́ẹ̀tì 3. Ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2016, ikọ̀ 18 ló du 3. Láti Tokyo títí dé Paris, ikọ̀ 24 ló ń du 4. Ìdá kan nínú mẹ́fà. Wọ́n ti pín ìdíje náà sí ìlú mẹ́rin, ẹni tó bá gba ife ní ìlú kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń lọ. Ipò kẹta, irú èyí tí Nàìjíríà ṣe, ilé ni wọ́n ń gbà lọ báyìí.

Sẹ̀nẹ̀gàl ti gbìyànjú, Àńgólà ti gbìyànjú, Tùnísíà náà ti gbìyànjú. Ní oṣù kẹjọ 2023, Èkó ni wọ́n ti gbá ìdíje tó máa mú ikọ̀ Áfíríkà kan lọ sí ìpele yẹn. Kamẹrúùnù ló gbà á, níwájú wa. Nígbà tí wọ́n dé Riga, ní Latvia, ní oṣù keje 2024, Kamẹrúùnù lu Brazil, 77 sí 74. Brazil ló lọ sí Paris.