Ìdíje Ọdún 1967 àti Ife tí Kò Dé Kùmásì

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé tí a kọ orúkọ àwọn tí ó ti gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ga jù ní Áfíríkà sí, yóò rí i pé Englebert ti Lubumbashi, ní ilẹ̀ Kóńgò, ni ó gba ti ọdún 1967. Ẹgbẹ́ náà ni à ń pè ní TP Mazembe lónìí. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á, tí ó sì rò pé Englebert ṣẹ́gun Asante Kotoko ti Kùmásì lórí pápá, olúwa rẹ̀ ti ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn méjèèjì pàdé ní àṣekágbá ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sì ta ọ̀mì. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, nítorí pé ó kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Kí a tó dé orí ọ̀mì náà, ó yẹ kí a mọ irú ẹgbẹ́ tí Kotoko í ṣe. Ní ọdún 1926 ni awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Kwasi Kumah kó àwọn ọ̀dọ́ Kùmásì jọ, tí ó sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Rainbow. Orúkọ náà yí padà, ó tún yí padà, títí di ọdún 1935 tí wọ́n fi gba orúkọ Kotoko lábẹ́ ààbò Asantehene, Ọba Osei Agyeman Prempeh Kejì. Òòrẹ̀ ni à ń pè ní kotoko ní èdè Àṣáńtì, òun sì ni àmì ilẹ̀ náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Àwọn Àṣáńtì a máa wí pé bí ẹ bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò dé. Àwa tí a mọ òòrẹ̀ nínú igbó, tí a sì mọ ohun tí ẹ̀gún rẹ̀ lè ṣe fún ajá ọdẹ, kò ṣòro fún wa láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ọba Àṣáńtì kì í ṣe ti ọmọ Àṣáńtì nìkan. Baba Yara, Ibrahim Sunday, Malik Jabir, Abukari Gariba: ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú ààfin nìkan ni a ti ń kó àwọn akọni Kotoko jọ. Ìlú àwọn oníṣòwò ni Kùmásì. Bí Hausa ti wà ní Sóńgò, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́sì wà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn tiwa wà níbẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gánà ní ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni a bá níbẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ṣakí, ará Ìgbòhò, ará Ìlọrin àti Ọ̀ffà, gbogbo wọn ni ó ní ẹbí lọ́hùn-ún. Ọjà ni wọ́n ń ná, láti orí aṣọ dé orí ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun wẹ́wẹ́ tí a ń tò sórí àtẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ èdè Twi bí ẹní mu omi. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wí pé “ẹgbẹ́ wa”, Kotoko ni ó ń sọ.

Ife tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ààrẹ Kwame Nkrumah ni ó fi ife àkọ́kọ́ tọrẹ, Accra sì ni a ti gbá àṣekágbá ìkíní ní oṣù Kejì ọdún 1965, níbi tí Oryx ti Douala ti fi ayò 2 sí 1 borí Stade Malien ti Bamako. Ní ọdún 1966 ó kan Stade d’Abidjan. Nkrumah fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí oyè ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún 1967, ogun abẹ́lé ti ń jà ní ilẹ̀ tiwa láti oṣù Keje, ìròyìn ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ́tí sí lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ní Kùmásì, ọ̀rọ̀ Kotoko ni ó gba ìlú kan.

Oṣù Kọkànlá ni Englebert wá sí Kùmásì. Pápá tí wọ́n ti gbá a ni èyí tí a kọ́ ní ọdún 1959, tí ó ń jẹ́ orúkọ Baba Yara lónìí. Baba Yara kò sí lórí pápá lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Real Republicans ti dànù ní Kpeve ní oṣù Kẹta ọdún 1963 ni kò ti lè dìde mọ́, ọdún 1969 ni ó sì kú. Ayò 1 sí 1 ni eré náà parí sí. Ẹni tí ó bá ta ọ̀mì nílé mọ̀ pé òun ti fi gbèsè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kotoko dé Kóńgò, gbèsè náà kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn rárá. Ayò 2 sí 2 ni a fi tú ká.

Ní ayé ìgbà náà, a kò tí ì máa fi pẹ́nárítì parí ọ̀mì. Ọdún 1970 ni àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé tó fọwọ́ sí i. Ohun tí ó kù ni kí á ṣẹ́ kèké, tàbí kí àwọn méjèèjì tún pàdé ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àjọ CAF tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà mú èkejì, èyí sì dára lójú tiwa. Wọ́n dá ìparí oṣù Kejìlá, wọ́n sì yan ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Englebert di ẹrù, wọ́n lọ. Kotoko kò lọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ohun tí ìtàn fi yé wa ni pé ìkéde ọjọ́ àti ibi eré náà dé ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù Gánà ní Accra, ṣùgbọ́n kò ti Accra dé Kùmásì lásìkò. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra ju nǹkan bí 250 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ lójoojúmọ́, wáyà sì wà. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti rìn dé Kóńgò tí wọ́n sì padà láìjẹ́ pé a borí wọn, ìwé kan ṣoṣo ni ó ta wọ́n yọ. Wọ́n gbé ife fún Englebert.

Ẹ jẹ́ kí á má ṣe dá Englebert lẹ́bi. A ní kí wọ́n wá, wọ́n wá. Kò sí ohun mìíràn tí a lè bi wọ́n. Ẹgbẹ́ gidi ni wọ́n pẹ̀lú, nítorí ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún gba ife náà lọ́wọ́ Étoile Filante ti Lomé, wọ́n sì tún dé àṣekágbá ọdún 1969 kí Ismaily ti Íjíbítì tó borí wọn. Ẹ̀bi náà wà nínú ètò tí ó mú kí ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹgbẹ́ kan gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, láìsí ẹni tí yóò béèrè bóyá ó dé.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé kò sí ohun tí a tún lè ṣe sí i. Ó wà. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní họ́kì orí yìnyín. Bàtà onírin ni àwọn eléré ń wọ̀ yọ̀ lórí omi dídì, igi ni wọ́n sì fi ń gbá róbà pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Stanley Cup ni ife tí wọ́n ń dù jù lọ. Ní ọdún 1919, Canadiens ti Montreal lọ bá Metropolitans ti Seattle nílé fún àṣekágbá. Lẹ́yìn eré márùn-ún, olúkúlùkù ti borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Eré kẹfà tí ìbá parí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà tí ó pa àìmọye ènìyàn káàkiri ayé nígbà náà dá àwọn ará Montreal dùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kò pé mọ́, wọ́n sì ní kí Seattle máa gbé ife lọ. Pete Muldoon, ọ̀gá Seattle, kọ̀. Ó ní òun kò gba ife lọ́wọ́ ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni Joe Hall, ọ̀kan nínú àwọn ará Montreal, kú. A kò fún ẹnikẹ́ni ní ife lọ́dún náà. Nígbà tí ó yá, orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì ni a fín sára rẹ̀, tí a sì kọ ọ́ pé ìdíje náà kò parí. Lóòótọ́, àrùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé tí kò dé. Ṣùgbọ́n irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni ìbá yẹ ọdún 1967.

Kùmásì ní láti dúró di ìdíje ọdún 1970. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún, tí ó kọ́lé, tí ó sin ìyá rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni a fún un. Ọjà di títà lówó pọ́ọ́kú, gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n di ohun àfọkànsìn. Àwọn ọmọ wa tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí bá ara wọn nínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń gba Lomé àti Kùtọnu bọ̀ wá sí ilé tí a ń pè ní tiwọn. Wọ́n dé tán, a tún ń pè wọ́n ní “ará Gánà”.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Kotoko àti Englebert tún bá ara wọn ní àṣekágbá. Prempeh Kejì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ náà dìde kò rí i. Ó ti wàjà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kíní ọdún 1971, ní Kùmásì, wọ́n tún ta ọ̀mì, ayò 1 sí 1. Bí ti ọdún 1967 gẹ́lẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, wọ́n pàdé ní Kinshasa, Kotoko sì ń lé wọn pẹ̀lú ayò 2 sí 1 nígbà tí eré ń lọ sí òpin. Ní àkókò yìí ni rẹfirí fún Englebert ní pẹ́nárítì.

Robert Mensah, ọmọ Cape Coast, ni ó wà lẹ́nu àwọ̀n. Fìlà ni ó máa ń dé ṣọ́ ilé, àwọn alátakò sì gbà pé oògùn ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fìlà yìí pọ̀ ní Gánà títí di òní, olúkúlùkù sì ní bí ó ti ń sọ ọ́. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé bọ́ọ̀lù náà kò wọlé. Kotoko gbé ife kúrò ní Kinshasa, ní ojú ẹni tí ó gbà á ní ọdún 1967, a kò sì fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ibrahim Sunday, balógun wọn, ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù ní Áfíríkà ní ọdún 1971. Robert Mensah kò rí ìparí ọdún náà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ọtí kan ní Tema, wọ́n fi ìgò gún un, ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá.

Nínú ayọ̀ oṣù Kíní yẹn, àwọn tí ó ti wà ní ìdí pápá ní 1967, tí wọ́n bá Kùmásì jẹ ìyà ìwé tí kò dé, ọ̀pọ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Ṣakí ni wọ́n wà, tàbí Ìlọrin, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tún pàtẹ sí.

Ọdún 1971 àti 1973, Kotoko dé àṣekágbá, wọ́n pàdánù. Ti 1971 tilẹ̀ burú, nítorí ó tún di eré kẹta, ní Yaoundé, níbi tí eré ti dàrú kí ó tó parí, tí a sì fún Canon ní ife. Ọdún 1982, Al Ahly ti Cairo nà wọ́n. Nígbà tí ó di oṣù Kíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tí ó di ẹrù wọn sínú àpò onílà-ín-là tí a fi orúkọ ìlọ wọn pè títí di òní. Ọ̀dá àti iná igbó ni wọ́n lọ bá nílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, lẹ́yìn tí Kotoko ti ta ọ̀mì aláìláyò ní Cairo, Al Ahly wá sí Kùmásì ní ọjọ́ 11. Opoku Nti jẹ ayò kan, ẹyọ kan náà ni ó sì parí ọ̀rọ̀. Kò sí àní-àní pé nínú àwọn tí ó pariwo lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ni ó wà ní Èkó nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1993, Zamalek fi pẹ́nárítì borí wọn ní àṣekágbá. Láti 1983, ife náà kò tíì padà sí Kùmásì.