Ọwọ́ Ìjọ Luther ní Etí Òkun Wa

Bí ènìyàn bá gba etí òkun láti Àgbádárìgì dé Èkó, tí ó sì kọjá sí Ajah àti Lẹ́kí, ojú ọ̀nà tí ẹ̀sìn Kristi gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń tọ̀. Orúkọ méjì ni a máa ń gbọ́ jù nínú ìtàn náà: Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, àti Henry Townsend ti C.M.S., tí ó dé ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. A kì í gbọ́ orúkọ Martin Luther. Ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ ìjọ Luther kò sí nínú ìpìlẹ̀ yìí?

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí Sàró. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní London ní 1799, àwọn àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ wá sí ilẹ̀ tí ibà ti ń pa àlejò. Ni ẹgbẹ́ náà bá wá oníṣẹ́ lọ sí Jámánì. Melchior Renner àti Peter Hartwig, tí a kọ́kọ́ rán jáde ní 1804, àlùfáà ìjọ Luther ni àwọn méjèèjì. Ní 1827, Charles Haensel, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ Luther láti Jámánì, dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown. Àjàyí ọmọ Òṣogùn, ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Crowther, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Láti Württemberg ní Jámánì, níbi tí ìjọ Luther ti jẹ́ ìjọ ìjọba, ni Charles Andrew Gollmer ti wá. A bí i ní 1812. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Basel, ó sì di àlùfáà nínú ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun, Townsend àti Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ó ń retí wọn ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Wọ́n dúró ju ọdún kan lọ. Ní àkókò yẹn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì C.M.S. parí ní Àgbádárìgì. Nígbà tí àwọn méjì yòókù lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, Gollmer ni ó dúró ti ìjọ etí òkun.

Kì í ṣe ìwàásù nìkan ni ó gbà á lọ́kàn. Kòsọ́kọ́ ti lé Akíntóyè kúrò lórí oyè Èkó ní 1845. Nígbà tí Akíntóyè sá wá sí Àgbádárìgì, àwọn oníwàásù gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ lọ. Ní 1852, Gollmer kó wá sí Èkó, Akíntóyè sì fún C.M.S. ní ilẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ forí lé. Àdéhùn ọdún 1854 jẹ́ kí ó máa fi Palma, ní etí òkun ìhà Lẹ́kí, ṣe èbúté òwò rẹ̀. Ní 1863 ni ó tó fi Palma àti Lẹ́kí lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́: ìbọn ni ó la ọ̀nà fún Ìyìn Rere ní Èkó. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí ìgbèkùn pé oníwàásù kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan?

Gollmer nìkan kọ́. David Hinderer, ará Württemberg bákan náà, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Gottlieb Bühler kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Samuel Johnson, òpìtàn wa, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń lò, ìdí nìyí tí orúkọ Luther fi pòórá.

Kí ni ó wá kù? Èdè ni. Luther túmọ̀ Májẹ̀mú Titun sí èdè Jámánì ní 1522, ó sì parí Bíbélì ní 1534. Ó ní kí olùtumọ̀ fetí sí ìyá nínú ilé, ọmọdé ní ìgboro, àti ará ọjà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n jogún nílé nìyí. Síbẹ̀, kí a má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ẹlòmíràn: Crowther àti Thomas King, ọmọ Yorùbá, ni ó ru ẹrù ìtumọ̀ náà jù, títí Bíbélì Yorùbá fi pé ní 1884. Gollmer fúnra rẹ̀ tẹ́tí sí wa. Ní 1885, ọdún kan kí ó tó kú, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní London tẹ àròkọ rẹ̀ jáde lórí àrokò, bí Yorùbá ti ń fi owó ẹyọ àti ohun mìíràn ránṣẹ́ sí ara wọn láìlo ìwé.

Ìjọ tí ń jẹ́ orúkọ Luther gan-an dé Numan ní 1913, ó sì dé Ibesikpo, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom òde òní, ní 1936. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà wọ Nàìjíríà. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn dáadáa ní Àgbádárìgì yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yẹn lélẹ̀, àti pé Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ tí a fi èdè rẹ̀ ṣe.