Láti Inú Àtẹ Sí Inú Òfin: Ìtàn Noise ti Perlin àti Ọ̀rọ̀ Tí A Lè Fi Pè É

Ẹni tó bá gba Ṣábẹ̀ lọ sí Tchaourou yóò rí àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀ lọ́nà. Ara òkúta náà kún fún àmì wínníwínní: ojú ibì kan kò jọ èkejì, síbẹ̀ a mọ̀ pé òkúta kan náà ni. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè ya irú ara bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a fi fọ́tò rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀? Ìtàn ìdáhùn ìbéèrè yìí kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí ó jọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àká-ọ̀rọ̀ àti gírámà.

Ken Perlin wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Tron (1982) ní ilé-iṣẹ́ MAGI. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn bí àwòrán kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dán jù bí ohun tí ẹ̀rọ rọ. Ní 1985 ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tó pè ní noise jáde. Nínú ìlànà náà, a pín àyè sí igun, igun kọ̀ọ̀kan ní apá ibi tó kọjú sí, ìṣirò sì so wọ́n pọ̀ kí ìyípadà lè máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àtẹ nọ́ńbà 256 tí a dà rú ló ń sọ apá ibi tí igun kọ̀ọ̀kan yóò kọjú sí.

Nọ́ńbà 256 yìí yóò rán wa létí odù Ifá. Perlin kò yá a lọ́wọ́ babaláwo. Ìṣirò kan náà ló bí méjèèjì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ tó lè ṣí tàbí kó dé. Báìtì ní àyè mẹ́jọ fún òdo tàbí oókan. Ìjọra mìíràn tún wà: a kò mọ odù tí yóò hù, ṣùgbọ́n bó bá ti hù, ẹsẹ tirẹ̀ ni babaláwo yóò kì. Bákan náà, ojú ibì kan náà nínú noise kì í yí iye rẹ̀ padà.

Káàdì àwòrán ló yí ìtàn náà padà. Pixel kọ̀ọ̀kan lè ṣe ìṣirò tirẹ̀ láìdúró de aládùúgbò rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2001 Perlin gbé ìlànà simplex jáde: nínú àyè onípele mẹ́ta, igun mẹ́rin ni a ń ṣírò dípò mẹ́jọ. Ní 2005 Simon Green ṣàlàyé bí a ṣe lè fi àtẹ náà sínú texture káàdì. Ṣùgbọ́n lílọ wo àtẹ máa ń ná káàdì ní àkókò. Ní 2012 McEwan, Sheets, Gustavson àti Richardson mú àtẹ kúrò pátápátá: wọ́n ṣírò 34x² + x, wọ́n sì mú ìyókù rẹ̀ lẹ́yìn pínpín sí 289. Òfin nìkan ló kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè wa. Kò sẹ́ni tó há lílọ, jíjẹ àti wíwá sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin àpètúnpè ló ń ṣẹ̀dá wọn.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè é ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ Tchaourou, tó ń fi èdè Faransé kàwé, yóò bá bruit pàdé. Ti Nàìjíríà yóò bá noise. Bí a bá túmọ̀ méjèèjì ní tààràtà, ariwo ni. Ṣùgbọ́n ariwo kò ní ètò, èyí sì ní. A dábàá àìjọra elétò, kí Yorùbá tó wà lápá méjèèjì ẹnubodè lè jọ máa lo ọ̀rọ̀ kan, kí ọ̀rọ̀ náà sì fi hàn pé òfin wà lábẹ́ ohun tó dà bí ẹni pé kò ní òfin.