Òjìji lórí Pánẹ́ẹ̀lì Sólà

Bí òjìji bá bo apá kan pánẹ́ẹ̀lì sólà, iná tó ń sọnù sábà máa ń pọ̀ ju ìwọ̀n ibi tí òjìji bò lọ. Ewé gbígbòòrò kan tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta agbára pánẹ́ẹ̀lì lọ. Bí a ṣe so àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kọ́ra ló fà á.

Sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì, irú èyí tí Chapin, Fuller àti Pearson gbé jáde ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, kì í mú ju nǹkan bí ìdajì fólítì wá, bó ti wù kó fẹ̀ tó. Ìyẹn kéré jù fún bátìrì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so 60 tàbí 72 wọn tẹ̀léra, kí fólítì wọn lè ró pọ̀: sẹ́ẹ̀lì 60 á mú nǹkan bí fólítì 30 wá. Ṣùgbọ́n ámpíà kì í ró pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ámpíà kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé sẹ́ẹ̀lì ló sì ń pinnu iye tó lè mú wá. Ó dà bí ìgbà tí àwọn lébìrà tò, tí wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù lé ara wọn lọ́wọ́ lọ sí òkè ilé: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ jù ló ń pinnu iye tó ń dé òkè.

Iná tó dínkù kọ́ ló burú jù níbẹ̀, ooru ni. Ká mú pánẹ́ẹ̀lì oní-sẹ́ẹ̀lì 60 tó ń mú ámpíà 9 wá. Bí òjìji bá bo ìdajì sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ámpíà 4.5 péré ni ìyẹn lè gbé. Àwọn 59 yòókù kò ní dẹ́kun títi iná gba inú rẹ̀. Fólítì rẹ̀ á dorí kodò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iná dípò kó máa pèsè rẹ̀. Tó bá burú dé góńgó, tí kò sì sí ààbò, nǹkan bíi wáàtì 130 ni yóò máa di ooru nínú àwo pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ. Gíláàsì lè sán, òjé tí wọ́n fi jó wáyà lè yọ́, ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì lè gbiná. Sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò pátápátá kì í sábà gbóná tó èyí tó bò dé ìdajì, torí pé ìwọ̀nba iná ló lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Dáyóòdù ni ààbò náà. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú àpótí dúdú ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì 20. Bí fólítì ọ̀wọ́ kan bá dorí kodò, dáyóòdù rẹ̀ á la ọ̀nà mìíràn fún iná. A pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò náà ṣì lè gba nǹkan bíi wáàtì 45 sára. Mànàmáná tó sán nítòsí lè ba dáyóòdù jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀nà rẹ̀ já, pánẹ́ẹ̀lì á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí di ọjọ́ tí òjìji bá dé.

Gígùn pánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀ lé. Bí a bá gbé e dúró lóòró, òjìji tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kan gbogbo wọn, agbára rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí a bá gbé e dùbúlẹ̀, ọ̀wọ́ kan ló máa kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku ọyẹ́ tí ìrì tàbí òjò díẹ̀ fọ̀ wá sí etí ìsàlẹ̀. Nílẹ̀ wa, níbi tí a kì í ti í gbé pánẹ́ẹ̀lì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan púpọ̀, eruku yìí kì í tètè ṣàn lọ. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n gé sẹ́ẹ̀lì wọn sí méjì ń gba ìdajì òkè là nígbà tí òjìji bá bo ti ìsàlẹ̀.

Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí òjìji ọ̀kan má bàa fa ìyókù sẹ́yìn. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ sún ohun tó ń fa òjìji, bíi táǹkì omi, kúrò ló dára jù. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán Oṣù Kejìlá ń gba apá gúúsù, òjìji á sì ṣubú sí àríwá. Ní Oṣù Kẹfà, oòrùn á gba apá àríwá, òjìji á sì ṣubú sí gúúsù. Táǹkì tó wà ní àríwá pánẹ́ẹ̀lì, tí kò dí ohunkóhun lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lè bo sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ ní Oṣù Kẹfà.