Ìwé Ẹjọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Orísun Ìtàn Ìdílé

Ìwé ìhágún ń fi ìfẹ́ olóògbé hàn wá. Ìwé ẹjọ́ ogún ń fi ohun tí ẹbí ń dù hàn. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó, 1908. Olóyè Mábínúorí kú ní 1874, ó fi ọmọ 12 sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pẹjọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn olùjẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ là á pé lẹ́yìn Dáwódù, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ìbáà ṣe obìnrin, ló yẹ ní olórí ẹbí. Nítorí náà, bí a bá ń wá ìran ẹni, kí á má fo àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n kí á bi àwọn àgbà ilé pẹ̀lú: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.