Kwashiorkor: Bí orúkọ tí àwọn Ga pe àìsàn ọmọdé ṣe wọ inú ìwé ìṣègùn àgbáyé

Ọdún 1929 ni Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jamaica, dé Gold Coast, ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Nílé ìwòsàn ní Accra, àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá fún un tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ṣú, tó sì ń bó bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kú.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò jẹun. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, òun nìkan ṣáá sì ni.

Nígbà tí Williams kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 1933, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé purotéènì ni kò tó lára wọn. Hugh Stannus, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó mọ àìsàn ilẹ̀ olóoru dáadáa, ta kò ó: pellagra ni, ó parí. Àgbàdo ló ń fa pellagra náà lóòótọ́, nítorí niacin, ọ̀kan lára àwọn fítámì B, kì í tó lára ẹni tó gbára lé e. Àmọ́ ibi tí oòrùn ń pa ni awọ ara ti máa ń bàjẹ́ nínú pellagra, bí ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ti àwọn ọmọ Accra kì í tẹ̀lé oòrùn.

Lọ́dún 1935, Williams lo orúkọ tí àwọn Ga ń pè é nínú ìwé ìròyìn Lancet: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bí àbúrò lé e. Orúkọ yẹn péye ju àríyànjiyàn àwọn dókítà lọ. Wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò; purotéènì inú wàrà lọ, ẹ̀kọ ló kù. Bẹ́ẹ̀, awọ ara kì í sinmi: ó ń bó, ó ń hù tuntun, purotéènì ló sì fi ń ṣe é, pẹ̀lú fítámì A àti zinc.

Ogun Biafra, 1967 sí 1970, ló sọ orúkọ náà di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Nàìjíríà.

Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ìdí tí ara ọmọ kan fi ń wú tí ti èkejì kàn ń rù. Wọ́n ní purotéènì nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ní Niger àti àríwá Nàìjíríà, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, òróró, ṣúgà àti fítámì ni wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wíwú náà á lọ sílẹ̀, awọ tuntun á sì bo ojú egbò.