Lílé Okùn, Ègbè Igi

Orúkọ ohun èlò kọ́ ni ìṣòro wa. Jìtá ti di ọmọ onílé láti ìgbà tí orin jùjú ti dáyé l'Ékòó, fáólìn náà kò sì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há sí ni lọ́fun nígbà tí ọmọ iléèwé bá béèrè pé, kí ló dé tí jìtá méjì tí ọwọ́ kan náà kàn, tí igi wọn wá láti ara ìtì kan, kì í dún bákan náà? Níbẹ̀ ni olùkọ́ fisíìsì ti máa ń yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èrò tèmi ni pé ìsọ̀ agbẹ́lù àti agbo olórin ló yẹ kó yà sí láti wá ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá lórí orúkọ ẹ̀yà ara jìtá. Pákó iwájú tí okùn gbà kọjá, Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní orí, a sì tún máa pè é ní ikùn. Àwa ní ojú ìlù, nítorí náà ojú jìtá ni. Pákó tó dojú kọ ọ́ ni ẹ̀yìn. Èyí tó yí wọn ká ni ìhà. Mo yan ìhà dípò ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ inú ojú kó má baà wọnú ni egungun. Antonio de Torres, akànjìtá ará Sípéènì tó kú ní 1892, a máa to egungun méje tirẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tó là. Ní 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ìhà jìtá kan, ó fi ojúlówó pákó ṣe ojú rẹ̀ nìkan, láti fi hàn pé ọwọ́ ojú ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Jìtá náà ṣì wà ní Museu de la Música ní Barcelona.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Okùn fúnra rẹ̀ kò lóhùn púpọ̀: ó tín-ín-rín, kò lè ti afẹ́fẹ́ tó nǹkan. Bó bá ń gbọ̀n, á gbọn ojú, ojú á gbọn afẹ́fẹ́, etí wa á wá gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀n ni igi ń gbà bákan náà. Ó ní èyí tó bá a lára mu, tó máa ń gbé ga. Ó ní èyí tí kì í kọbi ara sí. Bí a bá pe ìwà igi yìí ní àtúndún, gbohùngbohùn ni ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé à ń sọ. Mo pè é ní ègbè. Ti okùn ni lílé, ti àpótí ni ègbè. Ẹni tó bá ti dúró ní agbo orin mọ̀ pé elégbè kì í fi agbára kan náà gbe gbogbo orin. Èyí tó bá mọ́ ọn lẹ́nu ló ń fi gbogbo ara gbè. (Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìròyìn tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ ìbá ṣe sí ègbè àti ẹ̀gbẹ́ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo!)

Afẹ́fẹ́ inú àpótí náà ń gbè. Ó ń wọlé, ó ń jáde lẹ́nu ihò bí ẹni ń mí, nítorí náà ègbè èémí ni tirẹ̀, ègbè igi ni ti pákó. Ègbè èémí fáólìn máa ń wà ní nǹkan bí 270 sí 280 Hertz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò jìnnà sí okùn rẹ̀ kẹta, tó jẹ́ nǹkan bí 294. Ti jìtá wà ní àyíká 100. Hertz ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ènìyàn.

Sẹ́lò, ìbátan fáólìn tó tóbi jù ú lọ, ní àrùn kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ìkookò. Bí olórin bá dé ohùn kan báyìí, ègbè igi á le débi pé á máa já orin gbà mọ́ okùn lẹ́nu, ohùn á wá máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ìkookò ṣe? Ègbè ajágbà ni, orúkọ náà sì ti sọ ohun tó fà á.

Ní 1787, Ernst Chladni ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tó rí nígbà tó da iyanrìn sórí àwo pẹlẹbẹ, tó fi ọ̀pá tí a fi ń ha okùn fáólìn ha etí rẹ̀. Iyanrìn sá kúrò níbi tó ń gbọ̀n, ó tò sójú ibi tó dákẹ́. Ojú ìgbọ̀n àti ojú ìdákẹ́: a kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Carleen Hutchins, olùkọ́ ní Amẹ́ríkà tó di akànfáólìn, mú ọgbọ́n yìí dé orí ojú àti ẹ̀yìn fáólìn tí a kò tíì lẹ̀ pọ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Scientific American ní 1981. Lára àwòrán tó ń jáde, ọ̀kan jọ lẹ́tà X, ọ̀kan rí roboto. Ìgbọ̀n òrùka ni mo pe ti ìkẹyìn yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ kankan tó dé ni àwọn akànfáólìn ti ń fi ìka kan pákó, tí wọ́n ń tẹ́tí sí i. Ìlùwò nìyẹn, ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ sì ni ohùn ìlùwò. Pákó tí kò bá dáhùn ti gbé ohùn mì. Ìgbóhùnmì ni àléébù rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kọ̀ pátápátá. Igi kékeré tó gbé okùn sókè lójú fáólìn, ẹ má pè é ní afárá nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀. Agbókùnró ni. Ohun tó ń jẹ́ ká mọ jìtá yàtọ̀ sí fáólìn bí wọ́n tilẹ̀ ń dún ohùn kan náà kì í ṣe àwọ̀ ohùn, nítorí ohùn kò ní àwọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ìdámọ̀ ohùn ni. Ọ̀pá kékeré tí a há sáàárín ojú àti ẹ̀yìn fáólìn láìfi àtè lẹ̀ ẹ́ ló ṣòro jù. Ará Ítálì àti Faransé ń pè é ní ọkàn, ará Jámánì ń pè é ní ọ̀pá ohùn. Ọkàn dùn ún gbọ́, àmọ́ ti Jámánì ni mo gbà: ohùn ló ń bàjẹ́ bí a bá yọ ọ́.

Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ti ohun èlò orin kò gbọdọ̀ jókòó láìsí agbẹ́lù àti akànjìtá láàárín wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dán ègbè, èémí àti ìlùwò wò ní kíláàsì yín. Èyí tí kò bá dùn lẹ́nu àwọn ọmọ, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì bi wọ́n ní tiwọn.